Ṣé Òótọ́ Ni, Àbí Èèṣì Ni?
Bí a ṣe ń fi iye àdúgbò méjì wéra



Ẹ̀kọ́ tòní jẹ mọ́ ìṣirò. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹni tó bá mọ ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pípín, ó ti mọ gbogbo ohun tí a ó lò. Ẹ wá àgbàdo pupa díẹ̀, àgbàdo funfun díẹ̀, àti igbá mẹ́ta sítòsí.

1. Àríyànjiyàn kan

Ká sọ pé ìlú kan wà tó ní àdúgbò méjì. Ọ̀kan ń jẹ́ Òkè-Ọjà, èkejì ń jẹ́ Ìsàlẹ̀-Odò. Òkè-Ọjà ní kànga tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹnu rẹ̀, tí a sì fi ìdérí bò. Ìsàlẹ̀-Odò kò ní kànga. Inú odò ni wọ́n ti ń pọn omi, níbi tí màlúù ti ń mu, tí a sì ti ń fọ aṣọ.

Ní ọjọ́ kan, àwọn ìyá Ìsàlẹ̀-Odò lọ bá baálẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú dá owó, kí a gbẹ́ kànga fún àwọn náà, nítorí ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn gbádùn. Baálẹ̀ pe ìpàdé.

Bàbá kan dìde. Ó ní: "Baálẹ̀, Òkè-Ọjà ni mo ń gbé, omi kànga ni a ń mu. Ọmọ mi ya ìgbẹ́ gbuuru ní oṣù tó kọjá. Omi kọ́ ló ń fà á."

Ìyá kan dáhùn: "Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ kan ni ẹ rí. Ní agboolé tiwa, ọmọ mẹ́ta ló wà lórí ẹní báyìí."

Àwọn kan gbè sẹ́yìn bàbá, àwọn kan gbè sẹ́yìn ìyá. Ariwo ta. Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè, ó ní: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà lọ bi àwọn ilé léèrè ní àdúgbò méjèèjì, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀."

Wọ́n yan ilé 50 ní Ìsàlẹ̀-Odò, wọ́n yan ilé 50 ní Òkè-Ọjà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi gbogbo ilé: "Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ǹjẹ́ ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ya ìgbẹ́ gbuuru nínú ilé yìí?"

Èyí ni ohun tí wọ́n rí:

Ìsàlẹ̀-Odò: ilé 20 nínú 50 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.
Òkè-Ọjà: ilé 12 nínú 50 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bí a bá sọ ọ́ di ti ọgọ́rùn-ún, 40 nínú 100 ni ti Ìsàlẹ̀-Odò, 24 nínú 100 ni ti Òkè-Ọjà.

Inú àwọn ìyá dùn. "A wí bẹ́ẹ̀!" Ṣùgbọ́n bàbá náà tún dìde. Ó ní: "Ilé mẹ́jọ péré ni ìyàtọ̀! Bí ẹ bá gba ojúlé mìíràn wọlé, ó lè yí padà. Èèṣì lásán ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ni ẹ rò pé ó jàre? Bí ìlú bá dá owó lórí èèṣì, owó náà ṣòfò. Bí ìlú bá sì kọ etí dídi sí ohun tó jẹ́ òótọ́, àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yìí kì í fi í ṣe eré.

2. Ìyá tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò

Ẹnìkan lè bèèrè pé: "Kí ló dé tí wọn kò bi gbogbo ilé?" Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń se ọbẹ̀, ṣé ó máa ń mu gbogbo ìkòkò kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó? Rárá. Ó ń ro ọbẹ̀ náà, ó ń fi ṣíbí bù díẹ̀, ó ń tọ́ ọ wò. Díẹ̀ náà ti tó láti sọ ti ìkòkò fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí. Ilé 50 ni ṣíbí. Gbogbo àdúgbò ni ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ṣíbí kì í sọ òótọ́ ìkòkò géérégé. Bí ẹ bá bù lẹ́ẹ̀kan, ata lè pọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá bù lẹ́ẹ̀kejì, ata lè dín díẹ̀. Ìkòkò kan náà ni, ọbẹ̀ kan náà ni, síbẹ̀ ṣíbí méjì kò bára dọ́gba tán. Ohun tí bàbá ń sọ nìyẹn. Ó ń sọ pé ìkòkò kan náà ni Òkè-Ọjà àti Ìsàlẹ̀-Odò, pé ṣíbí nìkan ló yàtọ̀.

Báwo ni a ó ṣe dán ọ̀rọ̀ bàbá wò? Ẹ mú igbá wá.

3. Àgbàdo inú igbá

Nínú ilé 100 tí a bi, ilé mélòó ni ọmọ ti ṣàìsàn? Ogún àti méjìlá: ó jẹ́ 32. Ilé mélòó ni ọmọ kò ti ṣàìsàn? Ó jẹ́ 68.

Ẹ ka àgbàdo pupa 32 sínú igbá ńlá. Ẹ ka àgbàdo funfun 68 lé e. Ẹ rí i pé hóró wọn tóbi bákan náà. Ẹ má ṣe da ẹ̀pà pọ̀ mọ́ àgbàdo, nítorí ọwọ́ yóò mọ ìyàtọ̀ wọn bí ojú kò tilẹ̀ rí i.

Ẹ pò wọ́n pọ̀ dáadáa. Ẹ fi aṣọ di ojú ọmọ kan. Ẹ ní kí ó mú hóró 50 jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sínú igbá kejì. Igbá yẹn ni ká pè ní Ìsàlẹ̀-Odò. Ẹ da hóró 50 tó ṣẹ́kù sínú igbá kẹta. Ìyẹn ni ká pè ní Òkè-Ọjà. Ẹ wá ka àgbàdo pupa inú igbá kọ̀ọ̀kan.

Kí ni a ṣe yìí? A ti dá ìlú kan sílẹ̀ tí omi kò lọ́wọ́ nínú àìsàn rárá. Ọmọ tí a di lójú kò mọ kànga, kò mọ odò. Bí ìyàtọ̀ bá wà láàárín igbá méjèèjì, èèṣì nìkan ló ṣe é. Ìlú tí bàbá ń sọ gan-an nìyí.

Ẹ kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ padà, ẹ pò ó, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ ó rí i pé 16 sí 16 kì í jáde nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn ẹ ó rí 17 sí 15. Nígbà mìíràn ẹ ó rí 14 sí 18. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí 19 sí 13. Bí ẹ bá tẹpá mọ́ ọn, ẹ ó rí 20 sí 12 náà.

Bí a bá ṣe é nígbà 100, nǹkan bí ìgbà 13 tàbí 14 ni ìyàtọ̀ yóò tó mẹ́jọ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà ní ìhà kìíní tàbí ní ìhà kejì. Ẹ̀yin náà lè dán an wò. Bí ẹgbẹ́ márùn-ún bá pín iṣẹ́ náà, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe é nígbà 20, ó pé 100 nìyẹn.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Èèṣì nìkan lè ṣe irú ìyàtọ̀ tí wọ́n rí yẹn, bí ìgbà 13 nínú 100. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìyanu. Ilé 50 sí 50 kò tíì tó láti fi pa bàbá lẹ́nu mọ́.

4. Bí ilé tí a bi bá pọ̀ sí i

Ká wá sọ pé àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ kò sinmi. Wọ́n bi ilé 100 ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé ìdá tí wọ́n rí kò yí padà: 40 nínú 100 ní Ìsàlẹ̀-Odò, 24 nínú 100 ní Òkè-Ọjà. Bí a bá fi àgbàdo ṣe é báyìí, pẹ̀lú pupa 64 àti funfun 136, tí a ń mú 100 jáde, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní jáde ju bí ìgbà 2 lọ nínú 100.

Ká tún sọ pé ilé 200 ni wọ́n bi ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí 80 nínú 200 ní Ìsàlẹ̀-Odò, àti 48 nínú 200 ní Òkè-Ọjà. Ìdá kan náà ṣì ni: 40 nínú 100 àti 24 nínú 100. Ṣùgbọ́n báyìí, bí ọmọ tí a di lójú bá mú àgbàdo nígbà 1000, bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Ìdá kò yí padà. Ohun tó yí padà ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dá wa lójú tó. Èèṣì lágbára nínú ohun kékeré. Bí iye bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára èèṣì ń dín kù. Ẹni tó gbin hóró àgbàdo mẹ́rin láti inú agbọ̀n méjì kò lè sọ irúgbìn tó sàn jù. Ẹni tó gbin 100 láti inú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan lè sọ̀rọ̀.

5. Ìṣirò kúkúrú

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a lè máa ka àgbàdo. Ìṣirò kan wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ igbá. Ó wà fún ìgbà tí iye ilé tí a bi ní ìhà méjèèjì bá dọ́gba.

Ìṣísẹ̀ kìíní: Ẹ yọ iye kékeré kúrò nínú iye ńlá.
Ìṣísẹ̀ kejì: Ẹ fi ohun tí ẹ rí sọ ara rẹ̀ di púpọ̀.
Ìṣísẹ̀ kẹta: Ẹ ro iye méjèèjì pọ̀.
Ìṣísẹ̀ kẹrin: Ẹ fi ohun tí ẹ rí ní ìṣísẹ̀ kẹta pín ti ìṣísẹ̀ kejì.

Bí ìdáhùn bá tó 4 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣòro láti sọ pé èèṣì ni. Bí kò bá tó 4, ẹ má tíì pariwo.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀.

Ilé 50 sí 50. Iye wa ni 20 àti 12. A yọ 12 kúrò nínú 20, ó ku 8. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. 20 àti 12 jẹ́ 32. A fi 32 pín 64, ó jẹ́ 2. Kò tó 4.

Ilé 100 sí 100. Iye wa ni 40 àti 24. Ìyàtọ̀ jẹ́ 16. 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256. Àròpọ̀ jẹ́ 64. A fi 64 pín 256, ó jẹ́ 4. Ó tó.

Ilé 200 sí 200. Iye wa ni 80 àti 48. Ìyàtọ̀ jẹ́ 32. 32 lọ́nà 32 jẹ́ 1024. Àròpọ̀ jẹ́ 128. A fi 128 pín 1024, ó jẹ́ 8. Ó kọjá 4 dáadáa.

Ẹ wò ó: 2, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 8. Bí a ti sọ iye ilé di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn wa di ìlọ́po méjì.

Kí ló dé tó jẹ́ 4? Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fẹnu kò pé bí èèṣì nìkan kò bá lè ṣe irú ìyàtọ̀ kan ju ìgbà 5 lọ nínú 100, a lè fura pé ohun mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ronald Fisher, ló jẹ́ kí ìwọ̀n yìí gbajúmọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1925. Ìwọ̀n tí ènìyàn yàn ni, kì í ṣe òfin tó ti ọ̀run wá.

Ohun méjì ni kí ẹ rántí. Bí àròpọ̀ iye méjèèjì kò bá tó 10, ẹ má ṣe lo ìṣirò yìí, nítorí iye náà ti kéré jù. Èkejì, bí ohun tí a ń kà bá wà nínú ilé tó pọ̀, ìṣirò yìí máa ń le díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bí ìdáhùn bá sún mọ́ 4 tí kò sì tó o, ẹ padà sídìí àgbàdo.

6. Ohun tí ìdáhùn sọ, àti ohun tí kò sọ

Nígbà tí ìdáhùn kò tó 4, àwọn kan yóò sọ pé: "Ẹ gbọ́, kò sí ìyàtọ̀!" Irọ́ ni. Ẹ ronú nípa ẹjọ́ ní ààfin. Wọ́n mú ọkùnrin kan wá pé ó jí ewúrẹ́. Kò sí ẹlẹ́rìí tó tó. Ọba ní kí ó máa lọ. Ṣé ọba sọ pé kò jí ewúrẹ́? Rárá o. Ohun tí ọba sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dá òun lójú. "Kò tíì dá wa lójú" yàtọ̀ sí "kò sí."

Àṣìṣe méjì ló wà ní ọ̀nà adájọ́. Ó lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Ó sì lè jẹ́ kí olè lọ. Bí ó bá ń sá fún ọ̀kan jù, yóò ṣubú sínú èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kànga. Bí a bá gba gbogbo ìyàtọ̀ kékeré gbọ́, a ó máa dá owó lórí èèṣì. Bí a bá sì ń bèèrè ẹ̀rí tí kò lópin, ọmọ yóò ti kú kí a tó gbà. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a bi ilé tó pọ̀ tó.

Ohun kan tún wà. Ìdáhùn lè tó 4 kí ìyàtọ̀ náà má sì tóbi. Bí a bá bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, ìyàtọ̀ ilé kan tàbí méjì nínú 100 lè kọjá 4. Òótọ́ ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ṣé ó tó ohun tí a ń gbẹ́ kànga lé lórí? Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni kí ẹ máa bi: Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó sì pọ̀? Ní ìlú wa yìí, 16 nínú 100 ni ìyàtọ̀. Ìyẹn pọ̀.

7. Dókítà tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wa sílẹ̀ díẹ̀, ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Ní 1854, àrùn onígbáméjì ń pa àwọn ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, olú-ìlú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àrùn yìí kan náà ló wọ ìhà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa ní 1970, tó sì ti padà wá nígbà púpọ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn dókítà gbà pé afẹ́fẹ́ tó ń rùn ló ń fà á. Dókítà kan, John Snow, ọmọ òṣìṣẹ́ tálákà láti ìlú York, sọ pé omi ni.

Ilé-iṣẹ́ méjì ń ta omi ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan ń jẹ́ Southwark and Vauxhall. Inú odò Thames ló ti ń fa omi, ní ibi tí ẹ̀gbin ìlú ń ṣàn sí. Èkejì ń jẹ́ Lambeth. Ní 1852, ó ti gbé ẹnu ọ̀pá rẹ̀ lọ sí òkè odò, níbi tí ẹ̀gbin Lọ́ńdọ̀nù kò dé.

Ohun tó dára jù fún ìwádìí ni pé ọ̀pá àwọn méjèèjì gba ojú pópó kan náà. Ilé yìí ń mu ti Lambeth, ilé tó kángun sí i ń mu ti Southwark and Vauxhall. Olówó wà ní ìhà méjèèjì, tálákà wà ní ìhà méjèèjì. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń mí.

Snow mú ìwé lọ́wọ́, ó ń lọ sí ojúlé tí ènìyàn ti kú, ó ń bèèrè omi tí wọ́n ń mu. Ọ̀pọ̀ ayálégbé kò mọ̀, nítorí onílé ló ń san owó omi. Snow bá ń bu omi náà, ó ń fi oògùn kan dán iyọ̀ inú rẹ̀ wò. Omi Southwark and Vauxhall ní iyọ̀ ju ti Lambeth lọ púpọ̀. Báyìí ni òun àti àwọn tó ràn án lọ́wọ́ ṣe mọ omi tó ń lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí wọ́n rí láàárín ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́ nìyí:

Southwark and Vauxhall: ilé 40,046. Àwọn tó kú: 1,263.
Lambeth: ilé 26,107. Àwọn tó kú: 98.

Iye ilé kò dọ́gba, nítorí náà a kò lè lo ìṣirò kúkúrú wa. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ti ẹgbàárùn-ún ilé. Ní ilé 10,000 tó ń mu omi Southwark and Vauxhall, ènìyàn 315 ló kú. Ní ilé 10,000 tó ń mu omi Lambeth, 37 ló kú.

Ṣé èèṣì ni? Ẹ jẹ́ ká ronú bí ti igbá àgbàdo. Bí omi kò bá lọ́wọ́ nínú ikú náà, ikú 1,361 yẹn ì bá pín láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí iye ilé wọn. Ti Lambeth ì bá jẹ́ nǹkan bíi 537. Ṣùgbọ́n 98 ni wọ́n rí. Bí ọmọ tí a di lójú bá ń mú àgbàdo láti àárọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó, kò lè rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Snow kọ ọ́ sínú ìwé ní 1855. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn aláṣẹ kò tètè gbà á gbọ́. Ó kú ní 1858. Ní 1884 ni Robert Koch, ará Jámánì, fi kòkòrò tó ń fa onígbáméjì han gbogbo ayé. Ẹ rò ó wò: kí gbogbo ayé tó mọ kòkòrò náà, kíkà àti fífi wéra ti tọ́ka sí omi ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú.

8. Kí ìwádìí má baà tàn wá

Ìṣirò wa lè lé èèṣì jáde. Ṣùgbọ́n kò lè tún ìwádìí tí a kò ṣe dáadáa ṣe. Bí iyọ̀ bá sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí ìyá kò sì ro ọbẹ̀, ṣíbí yóò parọ́ fún un.

Ní Amẹ́ríkà ní 1936, ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Literary Digest fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ènìyàn, láti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ààrẹ. Ó ju mílíọ̀nù 2 lọ tó dáhùn. Ìwé ìròyìn náà sọ pé Landon ni yóò wọlé. Nígbà tí ìbò dé, Roosevelt ló wọlé, ó sì borí ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Kí ló ṣẹlẹ̀? Orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti ọkọ̀ ló pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí, àwọn tálákà kò sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ṣe wàhálà láti dáhùn sì yàtọ̀ sí àwọn tí kò dáhùn. Iye púpọ̀ kò lè wo àìsàn yíyàn tí kò dára sàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìwádìí ní abúlé yín:

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ilé sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí bébà kéékèèké, ẹ pò wọ́n nínú igbá, kí ẹ mú jáde láìwò. Ẹ má ṣe yan ilé ọ̀rẹ́ yín nìkan, tàbí ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà nìkan.

Ẹ bi gbogbo ilé ní ìbéèrè kan náà, ní ọ̀rọ̀ kan náà, ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá bi àdúgbò kan ní ìgbà òjò, tí ẹ bi èkejì ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìgbà ni ẹ fi wéra, kì í ṣe omi.

Bí ẹ kò bá bá ará ilé kan nílé, ẹ padà lọ. Bóyá ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé ọmọ wọn lọ.

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi wéra kí ẹ tó jáde. Ẹni tó bá bèèrè ogún nǹkan, tó sì wá ń wá èyí tó kọjá 4 nínú wọn, èèṣì yóò fún un ní ọ̀kan, bó pẹ́ bó yá.

Èyí tó ṣòro jù nìyí: bí èèṣì bá tilẹ̀ ti jáde, ẹ ṣì bèèrè bóyá omi nìkan ló yàtọ̀ láàárín àdúgbò méjèèjì. Bóyá Òkè-Ọjà ní ilé ìyàgbẹ́, tí Ìsàlẹ̀-Odò kò sì ní. Bóyá àwọn ìyá Òkè-Ọjà ń rí ọṣẹ rà jù. Iṣẹ́ Snow lágbára nítorí pé ilé tó kángun síra ni ó fi wéra. Ẹ̀yin náà, ẹ wá ilé tó jọra, kí ẹ tó fi wéra.

9. Bí ìpàdé ṣe parí

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìlú àpẹẹrẹ wa. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ mú ìwé wọn wá sí iwájú baálẹ̀. Ilé 200 sí 200. Wọ́n ṣe ìṣirò náà lójú gbogbo ènìyàn, ó sì jẹ́ 8. Bàbá náà dákẹ́, ó gba igbá, ó ní kí òun fúnra òun mú àgbàdo. Ó mú un títí ọwọ́ fi ro ó. Kò rí 80 sí 48.

Ó ní: "Baálẹ̀, mo ti rí i. Kì í ṣe èèṣì. Bóyá omi nìkan ni, bóyá ilé ìyàgbẹ́ wà nínú rẹ̀, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyà wà ní Ìsàlẹ̀-Odò ju tiwa lọ. Ẹ kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó máa dá owó."

Ìyá náà dá a lóhùn: "Ẹ ṣeun, Bàbá. Bí ẹ kò bá jiyàn, a kì bá tí kà á dáadáa."

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ dúró de ìwádìí o. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru lónìí, ẹ fún un ní omi ìyè lónìí: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí kékeré 6 ṣúgà tí ojú rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe dá ọmú dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí kò bá dẹwọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Wọ́n gbin hóró 100 láti inú agbọ̀n kan, 100 láti inú agbọ̀n kejì. Hóró 30 kò hù nínú ti àkọ́kọ́, 20 kò hù nínú ti ìkejì. Ẹ ṣe ìṣirò náà. Ṣé ó tó 4?

2. Bí wọ́n bá gbin 200 láti inú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, tí 60 àti 40 kò hù, ṣé ìdáhùn yín yí padà?

3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "kò tíì dá wa lójú" àti "kò sí"? Ẹ fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní abúlé yín ṣe àpẹẹrẹ.

4. Àwọn ilé wo ni a lè gbàgbé láti bi ní abúlé yín? Kí ló dé?

Ìdáhùn ìbéèrè kìíní ni 2. Ìdáhùn ìbéèrè kejì ni 4. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú sùúrù. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀.